Táyà Tí Kì Í Ṣe Ìwọ̀n Tó Bá Ọkọ̀ Wá: Ohun Tó Lè Yí Padà, Ohun Tí Kò Gbọdọ̀ Yí

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ táyà ọkọ̀ rẹ̀ sí ìwọ̀n mìíràn. Àwọn kan á ní, "Gbé e wọ̀ jàre, ṣebí ó ṣáà wọ ríìmù." Àwọn mìíràn á ní, "Má dán an wò o, èyí tó bá a wá ni kó o máa lò títí ayé." Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó gbé ọkọ̀ rìn nínú wọn. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò fúnra wọn sábà máa ń fọwọ́ sí ju ìwọ̀n kan lọ fún ọkọ̀ kan náà. Volkswagen Golf, bí àpẹẹrẹ, ti jáde pẹ̀lú 195/65R15, pẹ̀lú 205/55R16, pẹ̀lú 225/45R17, àti pẹ̀lú 225/40R18, bó bá ṣe wu ẹni tó rà á. Nítorí náà, yíyí ìwọ̀n padà kì í ṣe èèwọ̀. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni ìdí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn fi lè gba ipò ara wọn, tí 225/55R16, tó jọ ọmọ ìyá wọn lójú, kò fi lè bá wọn jókòó.

Nọ́ńbà àárín ló ń dáni láàmú

Ẹ jẹ́ ká mú 205/55R16. 205 ni fífẹ̀ táyà láti ẹ̀gbẹ́ òsì dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, mìlímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. 16 ni ìwọ̀n ríìmù tó máa jókòó lé, láti òkè dé ìsàlẹ̀, íǹṣì ni wọ́n fi wọn ìyẹn. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú táyà. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ R tán, torí náà ẹ lè gbójú kúrò lára rẹ̀. (Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé mìlímítà àti íǹṣì jọ ń gbé inú ilé kan. Bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.)

55 ló ń ṣini lọ́nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun náà jẹ́ ìwọ̀n tó dá dúró bíi ti àwọn yòókù. Rárá o, ìdá ni. Ó ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, láti etí ríìmù dé ojú tó ń tẹ títì, jẹ́ ìdá 55 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀. Ìdá 55 nínú 100 ti 205 jẹ́ mìlímítà 112.75. Bí fífẹ̀ bá yí padà, gíga ẹ̀gbẹ́ ti yí padà nìyẹn, bí 55 ò bá tilẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Ibí yìí ni ẹni tó kàn fẹ́ kí táyà òun fẹ̀ díẹ̀ sí i máa ń kó sí. Ó fi 55 sílẹ̀, ó fi 16 sílẹ̀, ó sún 205 sí 225, ó ní nǹkan kékeré lòun ṣe. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: ìdá 55 nínú 100 ti 225 jẹ́ 123.75. Ẹ̀gbẹ́ táyà ti fi mìlímítà 11 ga sí i. Ẹ̀gbẹ́ yìí sì wà lókè ríìmù, ó tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà 22 ni. Fífẹ̀ lásán ló ń wá, gíga tẹ̀ lé e délé.

Láti mọ gíga táyà látòkè délẹ̀, ẹ fi 25.4 sọ nọ́ńbà ríìmù di púpọ̀ kó lè di mìlímítà, kí ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ méjì kún un. Fún 205/55R16, 16 lọ́nà 25.4 jẹ́ 406.4. Ẹ fi 112.75 kún un lẹ́ẹ̀mejì, ó di 631.9. Bí ẹ bá ṣe irú ìṣirò kan náà fún 195/65R15, ẹ máa rí 634.5. 225/45R17 máa fún yín ní 634.3, 225/40R18 sì máa fún yín ní 637.2. Láti orí èyí tó kúrú jù dé orí èyí tó ga jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyàtọ̀ wọn ò pé mìlímítà mẹ́fà. Bí ríìmù ṣe ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà ẹ̀gbẹ́ ń kúrú, kí gíga lè dúró síbi tó wà. 225/55R16 ńkọ́? 653.9. Òun ló jáde láàárín ẹgbẹ́.

Ọkọ̀ ò mọ ọ̀nà, ìyípo ló ń kà

Kí ló wá kan ọkọ̀ bí táyà bá ga tàbí bó kúrú? Ohun àkọ́kọ́ ni eré. Aago eré tó wà níwájú awakọ̀ kì í wọn ọ̀nà rárá. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí ló ń kà, wọ́n sì ti fi sí i lórí láti ilé iṣẹ́ pé bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà tó rìn tó báyìí. 205/55R16 ń rìn tó mìlímítà 1,985 ní ìyípo kan, díẹ̀ ló kù kó pé mítà méjì. Nínú kìlómítà kan, á yí ní nǹkan bí ìgbà 504. Bí bàbá àti ọmọ rẹ̀ kékeré bá jọ rìn láti ilé dé ìta, ẹsẹ̀ tí ọmọ gbé á pọ̀ ju ti bàbá lọ. Ẹni tó bá ń ka ẹsẹ̀ nìkan á búra pé ọmọ ló rìn jù.

Ẹ wo 215/60R16, tó ń wọ ríìmù 16 kan náà, tí wọ́n sì máa ń nà sí èèyàn nígbà tí 205/55R16 bá wọ́n. Gíga rẹ̀ jẹ́ 664.4. Ó fi mìlímítà 32.5 ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn ju ìdá 5 nínú 100 lọ díẹ̀. Nínú kìlómítà kan, ìgbà 479 péré ló máa yí. Aago ò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, ó ṣì ń kà á bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó bá ń sọ fún yín pé kìlómítà 100 ní wákàtí kan lẹ wà, 105 lẹ ń sá. Nígbà tó bá ní 120, ẹ ti wà ní 126. Kìlómítà tí ọkọ̀ ń kó jọ náà ń dín: ẹni tó bá fi táyà yẹn rin 10,000 lójú aago ti rin nǹkan bí 10,500 ní ti gidi. Ẹni tó ń wo aago kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ń pẹ́ nìyẹn láìmọ̀.

Òfin ti ronú kan ọ̀rọ̀ aago yìí tipẹ́. Ìlànà nọ́ńbà 39 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọkọ̀, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, sọ pé aago ò gbọdọ̀ fi eré tó kéré sí ti òótọ́ han awakọ̀ láéláé. Ó lè fi èyí tó pọ̀ jù hàn, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ní ààlà: kó má kọjá ìdá 10 nínú 100 eré tòótọ́ pẹ̀lú kìlómítà mẹ́rin lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aago ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi máa ń ṣe àsọdùn díẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Táyà tó ga sí i ń jẹ àsọdùn yẹn ni, bó bá sì ga jù, á jẹ ẹ́ tán, aago á wá di òpùrọ́ lódì kejì, èyí tó lè kó awakọ̀ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ eré lójú pópó. Táyà tó kúrú ń ṣe òdìkejì, ó ń mú kí aago ṣe àsọdùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdá mẹ́ta nínú 100 ni ààlà tí àwọn oníṣẹ́ táyà máa ń sọ, pé kí gíga tuntun má fi jù bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Àṣà iṣẹ́ ni, kì í ṣe òfin gbogbo ayé. Lójú tèmi, ìdá kan tàbí ìdá kan àbọ̀ ló yẹ kéèyàn máa wá, torí pé ìwọ̀n tó sún mọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣòro rí, ìdá mẹ́ta sì ti ń jẹ gbogbo àyè tí ẹ ní. 225/55R16 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan fi ìdá 3.5 ga. Ẹ rí i pé fífẹ̀ nìkan la fọwọ́ kàn tó fi fò kọjá ààlà.

Nǹkan kan tún wà tí kì í wá síni lọ́kàn: táyà fúnra rẹ̀ ń kúrú bó ṣe ń jẹ. Ìlà ojú táyà tuntun sábà máa ń jìn tó mìlímítà mẹ́jọ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, 1.6 ni òfin gbà kó kéré mọ. Láàárín méjèèjì, táyà ti fi nǹkan bí mìlímítà 13 kúrú látòkè délẹ̀, ìdá méjì nínú 100 gíga 205/55R16. Tuntun ni kí ẹ fi wé tuntun nígbà tí ẹ bá ń ṣírò, ẹ má fi rúlà wọn èyí tó ti jẹ kí ẹ wá fi ṣe òdiwọ̀n.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí aago òun wà gan-an lè fi fóònù tó ń ka eré láti ojú sátẹ́láìtì wò ó lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, kí ẹlòmíràn di fóònù náà mú. Kó ṣe é kó tó pààrọ̀ táyà, kó tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá wò ó tẹ́lẹ̀, kò ní mọ èyí tó jẹ́ àsọdùn ilé iṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí táyà tuntun fà. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà sọ ìwọ̀n táyà tuntun fún, ìyẹn sì parí ọ̀rọ̀ aago.

Ṣùgbọ́n aago nìkan kọ́ ni gíga ń bá jà. Táyà tó ga ń mú kí jíà wúwo fún ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ á máa lọ́ra láti gbéra, jíà aládàáṣiṣẹ́ á sì máa bọ́ sísàlẹ̀ tún gòkè lórí òkè tó ti máa ń gùn láìjanpata. Bíréèkì náà ń ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ibi tí táyà ti ń tẹ ilẹ̀ ti jìnnà sí i sí ibi tí bíréèkì ti ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Ẹni tó ń wá kí ọkọ̀ òun ga kúrò nílẹ̀ sì níláti mọ̀ pé ìdajì péré ló máa rí gbà: táyà tó fi 32.5 ga á gbé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sókè ní nǹkan bí 16, torí pé ìdajì yòókù wà lókè, lábẹ́ irin tó bo táyà, níbi tó ti ń jẹ àyè tí kò ṣe é ṣeré fún.

Nọ́ńbà kékeré tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Bí ẹ bá ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà dé òpin, ẹ máa rí nǹkan bíi 91V lẹ́yìn 205/55R16. Òun ni èèyàn kì í wò, lójú mi sì rèé, òun ló ṣe pàtàkì jù. Gíga tí kò bára mu ń bí awakọ̀ nínú. Ẹrù tó ju agbára táyà lọ ń fọ́ táyà lórí eré.

91 kì í ṣe kìlógíráàmù, nọ́ńbà ìdámọ̀ ni. Nínú àtẹ tí gbogbo ilé iṣẹ́ táyà jọ ń lò, 88 dúró fún kìlógíráàmù 560, 91 fún 615, 92 fún 630, 94 fún 670. Ìwọ̀n tí táyà kan ṣoṣo lè gbé nìyẹn. Lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ eré tí kò gbọdọ̀ kọjá: T jẹ́ 190 ní wákàtí kan, H jẹ́ 210, V jẹ́ 240, W jẹ́ 270. (H kò sí níbi tó yẹ kó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì, àárín U àti V ló jókòó sí. Ẹ kàn há a sórí bẹ́ẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ 225/40R18, tí gíga rẹ̀ bá ti 205/55R16 mu tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi lè rí i bá wí. Èyí tó jẹ́ ti lásán nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 88. Ẹni tó bọ́ 91 sílẹ̀ tó wọ 88 ti pàdánù kìlógíráàmù 55 lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, 220 lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Géńdé mẹ́ta nìyẹn. Bí ó bá ń dá wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kò ní mọ̀. Ọjọ́ tí èèyàn bá kún ọkọ̀, tí búùtù kún, tí oòrùn mú, tí ọ̀nà sì jìn, ọjọ́ yẹn ni táyà á máa gbóná láti inú wá.

Ìdí tí rọ́bà tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fi lè gbé ẹrù tó kéré jù ni pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé ọkọ̀, kì í ṣe rọ́bà. Ẹ̀gbẹ́ tó kúrú ò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe sí i ni táyà tí wọ́n ń kọ XL sí lára: wọ́n mú un le sí i kó lè gba afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù. 225/40R18 tó jẹ́ XL sábà máa ń jẹ́ 92, ìyẹn 630, ó sì ti kọjá 91 tí ọkọ̀ wá pẹ̀lú. Èyí lẹ máa béèrè fún.

Àmọ́ XL ò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Lábẹ́ ìlànà tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, táyà lásán ń gbé gbogbo ẹrù tó kọ sára rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá tó nǹkan bí 36 PSI, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà. XL ń dúró di nǹkan bí 42 kó tó gbé tirẹ̀ pé. Bí ẹ bá wọ XL tí ẹ sì ń fún un ní 32 bí ẹ ṣe ń fún ti àtijọ́, 630 tó wà lára rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nítorí náà, bí ìwọ̀n bá yí padà, afẹ́fẹ́ náà gbọ́dọ̀ yí. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn awakọ̀ máa ń kọ iye afẹ́fẹ́ fún ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí, nígbà mìíràn fún méjì tàbí mẹ́ta. Bí tiyín bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Bí kò bá sí níbẹ̀, àtẹ ẹrù àti afẹ́fẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà lẹ máa wò. Iye PSI tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà fúnra rẹ̀ kì í ṣe iye tó yẹ kí ẹ máa fún un. Òkè tí kò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn, ọ̀pọ̀ tó ń fẹ́ táyà ló sì ń fi ìkan pe ìkejì.

Nọ́ńbà ẹrù lè ga ju ti àtijọ́, kò gbọdọ̀ relẹ̀. Lẹ́tà eré náà bẹ́ẹ̀, àyàfi táyà òjò dídì, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fàyè gbà kí lẹ́tà rẹ̀ relẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí awakọ̀ bá mọ eré tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Ríìmù ní òfin tirẹ̀

16 nìkan kọ́ ni ríìmù ní. Ó tún ní fífẹ̀. 205/55R16 ń gba ríìmù tó fẹ̀ láti íǹṣì 5.5 dé 7.5. 225/45R17 ń fẹ́ 7 dé 8.5. Bí táyà bá fẹ̀ ju ríìmù lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á yọ kùn síta, ọkọ̀ á máa mì bí ẹ bá yà á lójijì, àárín ojú táyà á sì máa jẹ ṣáájú etí. Bó bá kéré ju ríìmù lọ, wọ́n á ti nà án mọ́ ọn, etí ríìmù á wá di ohun tó ń gba gbogbo ìkọlù. Àwọn kan fẹ́ràn bó ṣe rí lójú. Èmi ò ní gùn ún.

Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ríìmù pẹ̀lú, nǹkan mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ bára mu. Iye ihò nọ́ọ̀tì àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra ni àkọ́kọ́: 5x114.3 (ihò márùn-ún, tí wọ́n tò sórí òbìrí tó fẹ̀ ní mìlímítà 114.3) àti 5x112 jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn á fi ipá mú nọ́ọ̀tì wọlé. Ìyàtọ̀ mìlímítà 2.3 yẹn ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì jókòó ní ẹ̀gbẹ́, á sì máa tú díẹ̀díẹ̀ lórí ìrìn. Ihò ńlá àárín ríìmù ni èkejì. Bó bá tóbi ju ti ọkọ̀ lọ, ó nílò òrùka tó máa dí àyè náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sítíárìn á máa gbọ̀n lórí eré. Ẹ̀kẹta ni ìdí nọ́ọ̀tì: òmíràn ṣóńṣó, òmíràn rí roboto, wọn kì í gba ipò ara wọn.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí wọ́n ń kọ ET sí lára ríìmù, bíi ET45. Ó ń sọ bí ibi tí ríìmù ti fara ti ọkọ̀ ṣe jìnnà sí àárín gbùngbùn ríìmù náà, ní mìlímítà. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ríìmù ń yọ síta. Ká ní ríìmù tiyín fẹ̀ ní 6.5, ó sì jẹ́ ET45. Ẹ fi 7.5 tó jẹ́ ET45 rọ́pò rẹ̀. Íǹṣì kan tó fi fẹ̀ sí i á pín sí méjì: mìlímítà 12.7 síta, 12.7 sínú. Ti òde ni gbogbo èèyàn ń wò. Ti inú ló ń lọ kan ṣọ́kì, kò sì sẹ́ni tó máa rí i títí ẹ̀gbẹ́ táyà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ fi ọwọ́ wò ó kí ẹ tó sanwó, kí ẹ mọ iye ìka tó lè wọ àárín táyà àti ṣọ́kì báyìí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ tán, ìdúró lásán ò tó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kó èèyàn sí i kó wúwo, ẹ yí sítíárìn dé òpin lápá òsì, ẹ yí i dé òpin lápá ọ̀tún, ẹ rọra gbé e gun ohun kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọlé sókè. Bí táyà bá ń ha nǹkan, ẹ máa gbọ́ ọ, tàbí kí ẹ rí ibi dúdú tó ń dán lára ọ̀rá tó wà lábẹ́ irin ara ọkọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ tó kúrú, ojú tó fẹ̀

Kí lẹ máa rí jẹ níbẹ̀? Ẹ ò ní ṣàìrí nǹkan. Láti 205/55R16 dé 225/40R18, gíga ẹ̀gbẹ́ ti lọ sílẹ̀ láti 112.75 dé 90. Rọ́bà tó ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn ti dín kù, nítorí náà bí ẹ bá ti fọwọ́ kan sítíárìn lọkọ̀ á ti dá yín lóhùn. Lórí ọ̀dà tó gbẹ, ojú tó fẹ̀ ń di ilẹ̀ mú dáadáa. Adùn rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe irọ́.

Ohun tó gbà lọ́wọ́ yín ni ìrọ̀rùn. Gbogbo òkúta á máa wọlé sára. Bí ẹ bá sì já sí kòtò tó ní etí mímú, rọ́bà kékeré tó kù ò lè gbà á: etí ríìmù àti etí kòtò á fún ẹ̀gbẹ́ táyà láàárín, okùn inú rẹ̀ á já, láìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ á wú bí oówo. Wíwú yẹn ò ṣeé lẹ̀, kò ṣeé rán, táyà náà ti lọ nìyẹn. Bí orí bá tún bu ẹni náà kù, ríìmù á tẹ̀.

Nínú òjò, fífẹ̀ di ìṣòro. Táyà tó fẹ̀ ní omi púpọ̀ láti gbá kúrò níwájú rẹ̀, ó sì máa ń tètè léfòó sórí omi ju èyí tó tín-ín-rín lọ bí eré bá pọ̀. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé àwọn tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ máa ń yan èyí tó tín-ín-rín fún ìgbà òtútù. Epo náà ń lọ díẹ̀ sí i, torí pé ríìmù ńlá sábà máa ń wúwo, ojú tó fẹ̀ sì ń fa ilẹ̀. Èrò mi ni pé ìgòkè íǹṣì kan máa ń ní ìtumọ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn ìwakọ̀. Íǹṣì méjì, ti ẹwà ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò sì burú béèyàn bá mọ̀ pé ẹwà lòun rà.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ńkọ́?

Táyà méjì tó wà lórí ọ̀pá kan náà, níwájú tàbí lẹ́yìn, gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn wà lára àwọn ọkọ̀ kan láti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má dá a ṣe fúnra yín. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ ń fi ìyípo ẹsẹ̀ kan wé ti èkejì, bí ọ̀kan bá ń yí ju àwọn yòókù lọ, ó lè rò pé ó ń yọ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń fi ìyípo mọ táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín kù náà á máa tan iná ìkìlọ̀ lásán, nítorí pé táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ ń yí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ AWD àti 4WD tó ń fi agbára ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà gbogbo ló le jù. Bí iwájú bá ń yí ju ẹ̀yìn lọ, irin tó so wọ́n pọ̀ láàárín ni yóò máa gba ìyàtọ̀ yẹn ní gbogbo kìlómítà, á máa gbóná, á sì bàjẹ́ lówó iyebíye. Lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, táyà tuntun méjì pẹ̀lú àtijọ́ méjì tí ojú wọn ti lọ lè tó láti dá a sílẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà lórí ìwé. Ìdá méjì nínú 100 tí a sọ lókè nìyẹn.

Ẹ rántí sìpẹ́à. Bí gíga tuntun bá jìnnà sí ti àtijọ́, sìpẹ́à tó wà nínú búùtù ti di àjèjì. Ẹ fi í gbé ara yín dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe táyà nìkan, níwájú tàbí lẹ́yìn, níbi tí ẹ́ńjìnì kò ti ń fa ọkọ̀. Kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nílé bóyá nọ́ọ̀tì ríìmù tuntun yẹn á wọ sìpẹ́à onírin, torí pé kì í sábà bára mu, ẹ ò sì ní fẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó bá ra ríìmù tuntun yẹ kó ní nọ́ọ̀tì àtijọ́ nínú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjọba ò pẹ́. Ní Jámánì, ìwọ̀n tí kò bá sí nínú ìwé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyẹ̀wò àti ìwé àṣẹ. Àwọn ibòmíràn ò le tó bẹ́ẹ̀. Ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ bi ilé iṣẹ́ adójútòfò yín léèrè, kí wọ́n sì kọ èsì wọn sílẹ̀, torí pé ìgbà tí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa ń wá wo ìwọ̀n táyà fínnífínní.

Bí ríìmù bá jẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì fún lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100 àkọ́kọ́. Kí ẹ sì kọ ìwọ̀n táyà tuntun àti iye PSI rẹ̀ sórí bébà kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé iṣẹ́, torí pé ẹni tó máa fẹ́ táyà yẹn lóṣù tó ń bọ̀ lè má jẹ́ ẹ̀yin.